Èmi Ni Mo Kó Abẹ́rẹ́ Náà, Ẹlòmíràn Ló Wà ní Àtìmọ́lé

Èmi ni mo jí i. Kì í ṣe obìnrin tí wọ́n tì mọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i, orí mi ti fẹ́ dàrú.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Èkìtì, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá Àjárá, ní Àgbádárìgì níbí. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí lábẹ́ àwọn ṣọ́jà yìí... òwú kò sí, sípírítì kò sí, aláìsàn ló ń ra abẹ́rẹ́ tiẹ̀ wá, àfi èyí tí ìjọba ń kó wá fún àjẹsára àwọn ọmọ ìkókó. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin Ègùn kan, Sẹ̀nami, gbé eéwo ńlá wá lápá. Gbánà, oògùn olóró nì, ló ń gún sára. Mátírọ́ọ̀nù wa ní kí wọ́n lé e jáde. Lọ́jọ́ kejì mo wá a lọ sétí òkun, mo fọ eéwo náà, mo sì ń wàásù fún un pé kó jáwọ́. Ó ní, "Àǹtí, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́fà la ń lo abẹ́rẹ́ kan, ara páálí ìṣáná la ti ń pọ́n ọn. Ẹ fún wa ní tuntun, ká má bàa kú kí ọjọ́ tá a máa jáwọ́ tó dé."

Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ náà sápò. Sẹ̀nami ló ń pín in, òun ló ń gba èyí tí wọ́n ti lò padà sínú agolo mílíìkì, tó ń rì í mọ́lẹ̀, tó ń kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń fọ apá. Eéwo wọn ń jiná, ọ̀kan tilẹ̀ ti padà sídìí àwọ̀n ìpẹja rẹ̀... Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan abẹ́rẹ́ tán, àwọn ìyá tó ti Ìmẹ̀kẹ́ pọnmọ wá padà lófo. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù rí i pé abẹ́rẹ́ dín, Ìyá Ìdòwú ni wọ́n mú, opó tó ń gbálẹ̀ fún wa, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó abẹ́rẹ́ sí wà. Mo dúró síbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó ní kí n máa bá òun wo àwọn ọmọ òun. Mo ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á béèrè ẹni tí mo kó o fún, ẹ sì mọ ohun tí ìjọba yìí ń fi ojú àwọn onígbánà rí. Ìyẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́... àbí iṣẹ́ mi ni mò ń dáàbò bò? N kò mọ̀ mọ́.

Lánàá ni Sẹ̀nami wá bá mi. Ó ní, "Màá lọ sọ pé èmi ni mo jà wọ́n lólè. Ta ló máa jiyàn? Irú wa ni wọ́n ń wá tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ dúró sídìí iṣẹ́ yín, kí abẹ́rẹ́ má bàa tán." Ohun tó ń tì mí lójú jù rè é: inú mi dùn. Kí n tó mọ̀, mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé Ìyá Ìdòwú dé kóòtù. Ṣé kí n jẹ́ kí Sẹ̀nami lọ? Bí mo bá lọ fúnra mi, tí wọ́n lù mí, ṣé n kò ní dárúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà? Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ... nínú àwa obìnrin mẹ́ta yìí, èwo ni kó lọ sẹ́wọ̀n?