Ohun Tí Ẹ Fi Pamọ́ Fún Mi ní Sípéènì

                                        38, Parsloes Avenue,
                                        Dagenham,
                                        London.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ògún, 2025.

Moṣọpẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dà wọ́n láàmú ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn dé ìta? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ tuntun tí o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tí orí rẹ̀ gùn gbọọrọ bíi tìrẹ? Mo kí gbogbo ará àdúgbò yín ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti kí ọ tán o, kí o má baà sọ pé ìbínú ni kò jẹ́ kí n kí ọ. Ìbínú náà wà níbẹ̀, a máa tó kàn án.

O ti pè mí tó ìgbà mọ́kànlá láti ìgbà tí mo ti dé, n kò sì gbé e. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fìyà jẹ ọ́. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó bú sí, a ò sì ní lè sọ ọ̀rọ̀ kankan tó yanjú. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ìyá Àdúrà, ará ìjọ wa tó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ẹtì, ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

O mọ̀ pé Wúrà ọmọ mi ló ṣètò ìrìnàjò náà nítorí ọgọ́ta ọdún tí mo pé. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nílùú yìí, n kò lọ síbì kankan rí fún fàájì. Ọjọ́ mẹ́wàá ni: Madrid, lẹ́yìn náà Córdoba, lẹ́yìn náà Seville. Ooru ibẹ̀, Moṣọpẹ́! Ìwọ tó o rò pé o mọ oòrùn. Ní Córdoba, mo rí i lára bọ́ọ̀dù ilé oògùn kan pé ooru ti dé ìwọ̀n mẹ́tàlélógójì. Gbogbo onílé ti fèrèsé wọn pa lọ́sàn-án gangan, kò sí ẹni tó kù níta àyàfi àwa àlejò. Mo ń bú wọn pé ọ̀lẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, èmi náà nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń hanrun.

Láti Ọjọ́rú ni nǹkan ti yí padà, èmi ni n kò lajú. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Màmá mi ṣubú ní balùwẹ̀, tí ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wúrà tó ti ń sáré níwájú mi láti Madrid, tó ń ní mi ò yá ẹsẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dì mí lọ́wọ́ mú. Gbogbo ìyànà ló ti ń ra áísìkiriìmù fún mi. Ó ní, “Mummy, ẹ jẹ́ n bá yín mú fóònù yẹn, it's gonna overheat, I swear.” Mo gbà á gbọ́, torí òótọ́ ni pé fóònù náà ti kú nínú oòrùn lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ní kí a pe Màmá, á ní kò síná ní Ìjẹ̀bú, fóònù wọn ti kú. Lọ́jọ́ kejì, á ní Màmá ti sùn. Bùrọ̀dá Gbádégẹṣin, ẹ̀gbọ́n mi tí kì í pè mí láìbéèrè bàtà tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pè mí, wọn ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n ní kí n ṣáà gbádùn ara mi. Mo tún fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n di àtúnbí.

Ìwọ náà ńkọ́? Mo ṣì ní ohùn rẹ lórí fóònù, èyí tí o fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. O ní Màmá ń kí mi, pé wọ́n ní kí n jẹun dáadáa. O tún rẹ́rìn-ín sí i. Moṣọpẹ́, níbo lo ti rí ẹ̀rín yẹn?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ti dé Seville. Mo rí abẹ̀bẹ̀ aláràbarà kan níbi tí wọ́n tò wọ́n sí, mo ní kí n ra ọ̀kan fún Màmá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Obìnrin tó ń tà á kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀, ìka la fi ń bá ara wa jà. Mo bi Wúrà pé ṣé pupa ni Màmá máa fẹ́ tàbí aláwọ̀ ewé. Ọmọ náà yíjú sẹ́yìn, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní ìpara tí òun fi dènà oòrùn ló kó sí òun lójú. Mo fi etí aṣọ mi nù ún. Màmá ti kú ní ìdájí ọjọ́ náà. Mo ra pupa.

Ọjọ́ Àìkú la padà dé. Bí táksí ṣe kúrò ní Heathway tó yà sí ọ̀dọ̀ wa, mo rí ọkọ̀ bíi mẹ́jọ níwájú ilé, mo sì rí ti wòlíì wa láàárín wọn. Ṣé o mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá mi ṣe ọjọ́ ìbí lójijì ni. Mo ní kí awakọ̀ ní sùúrù. Mo kun ètè, mo tún ìborí mi wé, mo ń múra bí n ó ṣe pariwo tí n ó sì fi ọwọ́ sórí bí ẹni tí kò fura. Wúrà ń pè mí, “Mummy, Mummy, please,” mo ti sọ̀ kalẹ̀. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo fi ṣílẹ̀kùn. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará ìjọ wà nínú aṣọ funfun wọn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Wúrà dìde, wọ́n ní, “Ìbíyẹmí.” O mọ̀ pé ọkọ mi kì í pè mí lórúkọ. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí wòlíì ní kí n jókòó.

Gbogbo wọn ló ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Mo mọ̀. Ilé kan náà ni wọ́n ti kọ́ èmi náà. Bó bá jẹ́ ikú nìkan lẹ fi pamọ́, n bá ti gbà. Àìsàn lẹ fi pamọ́, Moṣọpẹ́. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni Màmá fi wà láyé lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò: bàálù wà ní Madrid tí ì bá gbé mi dé Èkó ní Ọjọ́bọ̀. N kò sọ pé n bá gba ẹ̀mí wọn là. Mo kàn fẹ́ jókòó tì wọ́n ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ń jókòó ti ìyá oníyàá níbí títí wọ́n fi ń dákẹ́. Èmi ni mò ń fi òwú tútù nu ètè wọn, èmi ni mò ń di ọwọ́ wọn mú. Ìyá tèmi nìkan ni ẹ ò jẹ́ kí n ṣe é fún. Àwọn èèyàn ń sọ pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún kì í ṣe kékeré, pé kí n má sunkún òkú àgbà. Ọkàn mi ò gbọ́ ìyẹn. Ó ń dùn mí, ó ń dùn mí gan-an ni.

Bùrọ̀dá ní àwọn làwọn pàṣẹ, pé àwọn rò pé Màmá máa dìde. Wúrà kò lè wo ojú mi. Mo ti dárí jì í, ohun tí àwọn àgbà ní kó ṣe ló ṣe.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Bàbá Wúrà. Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, ní Córdoba, a wà lórí ìlà láti wọ ilé ìjọsìn àtijọ́ kan. Mo gba fóònù mi lọ́wọ́ Wúrà kí n lè ya àwòrán, òun sì lọ ra omi. Fóònù dún. Nọ́ńbà Màmá ni. Oòrùn ń gún mi lórí, ìlà sì ti sún kàn mí. Mo pa á. Mo ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó pè wọ́n padà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Wúrà ní Màmá ti sùn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wà lórí fóònù mi: aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Bí mo bá bínú sí gbogbo yín tán, ìka tèmi ni mo fi pa á.

Bùrọ̀dá sọ fún mi pé ìwọ lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá lọ́jọ́ Ẹtì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, pé ìwọ lò ń fi ṣíbí fún wọn lómi. Ọlọ́run á san án fún ọ. Ọpẹ́ mi ju ìbínú mi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ọmọ. Bá mi kí Bùrọ̀dá, kí o sọ fún wọn pé n ó pè wọ́n, àmọ́ kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí. N ó wá fún ìsìnkú lóṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ lójú èrò. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí o fún Ìyá Àdúrà kó mú un bọ̀.

Ta ló pè mí? Ṣé ìwọ ni, tí o fẹ́ tú àṣírí fún mi? Àbí Màmá ló ní kí o bá àwọn pè mí? Bó bá jẹ́ Màmá ni, kí ni wọ́n sọ nígbà tí n kò gbé e? Má bù ú kù fún mi, má dúró de ìgbà tí ara mi bá gbà á. Mo ti dé ilé, Moṣọpẹ́. Sọ ọ́ fún mi.

                                        Èmi ni tìrẹ síbẹ̀síbẹ̀,
                                        Ìbíyẹmí.