Aṣọ Pupa Tí Ẹ Fi Sílẹ̀

Broken Hill, 1931

Àǹtí Verna mi,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtọmọ yín ní Perth. Ikọ́ Màmá ti lọ. Adìẹ wa ń yé ẹyin tó tó orí mi.

Ẹ rántí aṣọ pupa tí ẹ fi ń jó láyé ọjọ́sí, tó mọ ní orúnkún, tí Bàbá Àgbà ń bèèrè pé, "Verna, ta ló jẹ ìdajì aṣọ ẹ?" Gbogbo àdúgbò ló ń yọjú wò yín. Aṣọ gígùn ló wà lóde báyìí, ni mo bá rán kọ́tìnnì ilé ìdáná mọ́ ọn nídìí. Màmá rí mi, wọ́n fẹ́ nà mí, ṣùgbọ́n ẹkún ni wọ́n bú sí: "O jọ àbúrò mi jù."

Kérésì mẹ́ta ni wọ́n ti ń retí yín. Ọlọ́run á ṣọ́ yín dé ilé. Ẹ wá tú kọ́tìnnì wa fúnra yín.

Èmi Mavis yín