Bítírúùtì Ìyá Rẹ Lára Àtíbàbà

Sáìtì Kẹtàdínlógún,
Ọgbà Kárávàànì,
Currawong Heads.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá.

Kerryn ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Melbourne? Ṣé òtútù ò pa yín jù, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín láti ìjọ́ tí a ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ yín, ibi tí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò rọ̀ yín lọ́rùn. Èmi náà ń bẹ, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀. Neville aládùúgbò mi ní kí n kí ọ, ìyàwó ẹ̀ ti se jáàmù, ó dùn ju ti èṣí lọ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni ti àtíbàbà kánfáàsì iwájú ilé onítáyà wa, kárávàànì yìí. Nígbà tí o pè mí lóṣù tó kọjá, o ní kí n yọ̀ǹda sáìtì yìí, àyè wa nínú ọgbà, pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú kò sóhun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ń wá níbí mọ́. Lọ́jọ́ náà, mo ṣe bí ẹni pé fóònù ò gbọ́ ọ. Àfi bíi pé ẹni tó ra ọgbà yìí ló gbọ́ ọ, torí kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi ìwé sábẹ́ ilẹ̀kùn mi pé tó bá fi máa di ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí, ẹni tí àtíbàbà rẹ̀ bá ṣì bu tàbí tó ṣì ní àbàwọ́n, wọn á gba sáìtì lọ́wọ́ ẹ̀, wọn á fún ẹlòmíì tó ti ń dúró. Sáìtì tí a ti ń ṣe Kérésì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ká má purọ́, àtíbàbà náà ti bu lóòótọ́. Mo ká a ní tútù lẹ́yìn òjò oṣù kẹfà, mo sì gbàgbé ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tú u, nǹkan dúdú ti hù sí i lára káàkiri, àwọn àdán tó ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ lórí wa sì ti wá fi tiwọn kún un. Òórùn ẹ̀ dà bí ìbọ̀sẹ̀ Neville.

Mo bá wá fídíò sórí fóònù tí o rà fún mi. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló ń kọ́ni, ọmọlúàbí ni, ó kí mi kó tó bẹ̀rẹ̀, mo sì dá a lóhùn. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a ní gbígbẹ, kí n wá po ife fínígà kan mọ́ ife omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mẹ́rin kí n fi pa á. Ó ní bílíìṣì ò gbọdọ̀ débẹ̀, pé ó máa ń jẹ òwú tí wọ́n fi rán an. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n jẹ́ kó gbẹ pátápátá ká tó tẹ̀ síwájú. Mo gbọ́ràn, mo tẹ fídíò náà kó dúró. Ojú ọjọ́ ṣú, ọjọ́ méjì ni kánfáàsì fi gbẹ, ọjọ́ méjì náà ni ọkùnrin yẹn fi dúró tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lókè, tẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo gbé fóònù sí ibòji, mo sì ki okùn iná bọ̀ ọ́ kó má bàa rẹ̀ ẹ́ jù. Nígbà tí o pè, mo rí orúkọ rẹ, àmọ́ báwo ni n ó ṣe ní kí èèyàn tó ti ń dúró dè mí láti àná tún yẹra? Má bínú sí mi.

Ọmọ mi, iṣẹ́ náà ṣe é ṣe. Gbogbo dúdú yẹn lọ, tàwọn àdán lọ, ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo, o sì mọ èyí tí mò ń wí. Apá ọ̀tún, lókè tábìlì, pupa tó ti fẹ́ di àwọ̀ àlùbọ́sà.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà náà. Ọ̀sán Kérésì ni, ooru ń mú, ni alégbà tó gùn tó tábìlì bá rọra wọlé bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè, ó kọjá lára gbogbo wa, ó dojú kọ itan ẹlẹ́dẹ̀. Ìwọ fò sórí tábìlì. Èmi náà fò sórí tábìlì, mi ò ní purọ́. Ìyá rẹ nìkan ló dúró sílẹ̀, ó gbé abọ́ bítírúùtì tó pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó sọ ọ́ sí ẹranko náà. Kò bà á, ara kánfáàsì ló bà. Alégbà gbé ẹran lọ, a fi búrẹ́dì ṣe Kérésì. Láti ọdún yẹn ni ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ti máa ń fọwọ́ kan àbàwọ́n yẹn, tí á ní kò bà á, ká tó já ẹrù.

Neville gbé bílíìṣì wá. Ó ní kí n má ṣe òpònú, pé àmì pupa kan ṣoṣo ni wọn á fi gba sáìtì lọ́wọ́ mi. Mo gba ike náà, mo dúró síwájú àbàwọ́n yẹn tòun ti kànrìnkàn, ọwọ́ mi ò gbéra. Mo sọ fún Neville pé onírùngbọ̀n ti kìlọ̀ nípa òwú. Inú mi dùn pé mo rí nǹkan fẹ̀yìn tì, torí kì í ṣe òwú ni mò ń rò.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù tí àwọn tó ni ọgbà ní ká kún, inú fóònù ló wà. Ó ń béèrè fọ́tò àtíbàbà ṣáájú fífọ̀ àti lẹ́yìn fífọ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti fọ̀ ọ́ tán kí n tó kà á. Mo tiẹ̀ ti ń po ẹrẹ̀ nínú korobá, mo fẹ́ tún un bà jẹ́ díẹ̀ kí n má bàa ṣèké, ni mo bá rántí fọ́tò tí Neville yà wá lọ́jọ́ alégbà. Ìyá rẹ fọwọ́ lé ìbàdí, abọ́ wà nílẹ̀, bítírúùtì ń ṣàn lẹ́yìn ẹ̀, èmi àtìwọ ṣì wà lórí tábìlì. Èwo ló tún lè jẹ́ ṣáájú fífọ̀ ju ìyẹn lọ? Mo fi fóònù ya fọ́tò náà, mo sì fi í síbẹ̀. Fọ́ọ̀mù tún bi mí bóyá gbogbo àbàwọ́n ti kúrò, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, sáìtì lọ. Mi ò tẹ ìkankan, fóònù náà sì yarí, kò lọ síwájú. Mo gbé e lọ bá Tegan, ọmọbìnrin tó jẹ́ máníjà ọgbà, kó bá mi bẹ̀ ẹ́.

Tegan wo fọ́tò yẹn, ó bi mí pé ta lobìnrin yìí. Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú ẹ̀, ó wá tẹ̀lé mi wá sí sáìtì, ó yí àtíbàbà po, ó gbóòórùn ẹ̀, ó wo gbogbo ojú rírán. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bítírúùtì, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kàn án, ó tẹ nǹkan sínú fóònù mi, ó bá tiẹ̀ lọ. Mi ò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn, Neville ló bá mi kà á. Bẹ́ẹ̀ ni ló tẹ̀. Gbogbo àbàwọ́n ti kúrò. Neville ní irọ́ ni. Mo ní kó gbé bílíìṣì ẹ̀ kó máa lọ sílé.

Ọmọ mi, Kérésì méjì rèé tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Mo máa ń sọ pé kò bà á, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí.

Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró tí wọ́n fi ń pa kánfáàsì kí omi má wọlé. Inú àpòòwé ni kí o fi í sí, má gba ọ̀nà báńkì. Báńkì kọ̀wé sórí fóònù mi pé àwọn ò ní béèrè nọ́ńbà àṣírí mi láéláé, bẹ́ẹ̀ ogójì ọdún ni mo ti ń bá wọn bọ̀, mi ò mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ wọ́n. Bí kò bá sí owó, fi sílẹ̀, kó gbogbo ilé rẹ wá dípò. Ọlọ́run yóò mú yín rìnrìn àjò ire, ẹ ò ní pàdé aburú lọ́nà.

Alégbà wá lọ́jọ́ Túsìdè, bóyá òun ni, bóyá ọmọ ẹ̀ ni. Ó wọ abẹ́ àtíbàbà, ó wò mí, ó wo tábìlì, ó lọ. Mo ti ra itan ẹlẹ́dẹ̀. Ra bítírúùtì dání bọ̀, torí ọwọ́ tèmi ti ń gbọ̀n. Ìyá rẹ kò bà á, ó kù sọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
Lindsay.