Ẹ̀rọ Tó Ní Òun Fẹ́ Wo Fọ́tò Oníbàárà Mi

Olóòtú ètò rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn yín dùn ju ti ìyàwó mi lọ. Ẹ má ka ibẹ̀ sókè, ó ń gbọ́ yín.

Onífọ́tò ni mí, arúgbó tí kò kàwé púpọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tọ́jú fọ́tò ń bi mí bóyá ojúlówó ni mo rà. Ojúlówó ni! Ó ní àfi kí àwọn tó ṣe é kọ́kọ́ wo gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí òun tó gbà mí gbọ́. Ó ti kọ̀, kò tẹ fọ́tò jáde mọ́. Tí mi ò bá gbà, yóò tì pa lọ́jọ́ Ẹtì, tòun ti gbogbo fọ́tò inú rẹ̀.

Fọ́tò obìnrin kan wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ lù ú ní àlùbami, èmi ni mo ya àwọn àpá ẹ̀yìn rẹ̀ fún ilé ẹjọ́. Kò mú ẹ̀dà kankan lọ sílé, kí ọkọ má baà rí i. Mo sì ṣèlérí pé ojú ẹlòmíì kò ní tó o.

Mo pe obìnrin náà lórí fóònù, mo sọ ohun tí ẹ̀rọ ń bèèrè fún un, mo wá ní, “Ìyàwó mi kékeré, ẹ̀rọ ń jowú wa o.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, bí ọkọ mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn: gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá tìlẹ̀kùn.”

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n tẹ̀, “Mo gbà” tàbí “Mi ò gbà”?

Èmi ni, Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀.