Èsì Àyẹ̀wò Màámi Nínú Chrome Rẹ

Munirah,

Èsì tí o fi han Màámi nínú Chrome ní kókó ọyàn wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo ṣí i nínú Firefox, ó ní jẹjẹrẹ ni. Àwọn méjèèjì lè to lẹ́tà lọ́nà ọ̀tọ̀, àmọ́ èsì kan náà ni wọ́n ń gbé wá. Ìgbà tí mo rí àpótí tí a fi ń tú inú ojú ìwé wò, tí o gbàgbé láti pa dé, ló yé mi pé ibẹ̀ lo ti yí ọ̀rọ̀ èsì náà padà. Màámi dúró lẹ́yìn rẹ nígbà náà, wọn ò sì mọ ohun tí o ń ṣe.

Láàárọ̀ yìí wọ́n ní àwọn ò ní padà sí ọsibítù mọ́. Mo ti lọ bẹ dókítà ní Yaba kó má fi àyè wọn fún ẹlòmíì.

Tí a bá tún ojú ìwé yẹn ṣí, ohun tí o kọ yóò pòórá. Mi ò fọwọ́ kàn án. Bí Màámi bá kírun tán, jókòó tì wọ́n, kí o fọwọ́ ara rẹ tún un ṣí.

Tìrìmísíyù