Táyà Mẹ́rin Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá yín tó máa ń fa ojú ro nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún ti ń rẹ́rìn-ín báyìí? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́, òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́, ajá aládùúgbò wa sì ti bí mẹ́fà, wọ́n ń fi ariwo wọn jí wa láràárọ̀. Ọlọ́run tó mú ọ gúnlẹ̀ láyọ̀ nínú òjò ọjọ́ Sátidé kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láéláé. Ṣe àmín yẹn sókè níbi tí o wà, má fi ojú kà á kọjá.

Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Sátidé pé o ti délé, tí o ní kí ìyá rẹ gbé fóònù fún mi kí o lè dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí táyà, ṣé o rí i pé "ẹ̀n" nìkan ni mo sọ tí mo fi dá fóònù padà? O lè máa rò pé inú ń bí mi. Inú kankan ò bí mi o, ojú ló ń tì mí. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ẹnu mi ò lè gbé, ìwé nìkan ló lè gbà á. Jókòó dáadáa kó o tó máa kà á lọ.

O rántí pé nígbà tó o gbé mọ́tò asáré rẹ yẹn wálé fún ìsinmi, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti dán bí orí ẹ̀gbọ́n mi àgbà. O ní kí n bá ọ wá tuntun tó máa pẹ́, torí pé ọdún kan péré ni èyí tó o rà kẹ́yìn lò, o sì ní bàbá tó wa lọ́rì fún ọgbọ̀n ọdún kò lè ṣi táyà yàn. Orí mi wú. Mo wọ bàtà mi tó dáa, mo gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo lọ.

Obìnrin yẹn mọṣẹ́, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ ti pọ̀ jù, sùúrù yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Mo ní kó fún mi ní èyí tó le jù lọ. Ó ní nọ́ńbà kan wà lára táyà, bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni táyà ṣe máa pẹ́ tó. Ó fi igba hàn mí, ó fi irinwó hàn mí, ó fi ẹgbẹ̀rin hàn mí. Mo ní kí la tún ń sọ, kó di ẹlẹ́gbẹ̀rin fún mi, torí ẹgbẹ̀rin oṣù, ọmọ mi á lò ó títí, á tún fi ṣe ogún fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe oṣù, kì í ṣe ọ̀sẹ̀, òǹkà tí wọ́n fi ń fi táyà kan wé èkejì lásán ni, àti pé ẹlẹ́gbẹ̀rin yẹn, ti ọkọ̀ jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ni. Ó ní rọ́bà tó le kì í tètè gbó, ṣùgbọ́n kì í di ilẹ̀ mú dáadáa. Èyí tó rọ̀ ń di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọ̀nà á tètè jẹ ẹ́ tán. Ó ní irú mọ́tò yìí, àárín méjèèjì ni kéèyàn ti mú un, kó sì rí i pé táyà náà gba eré tí mọ́tò lè sá. Mo bi í pé eré mélòó ni mọ́tò ọmọ mi lè sá. Ó dárúkọ rẹ̀. Mo ní kó má dárúkọ rẹ̀ mọ́ láyé, kí etí ìyá rẹ má lọ gbọ́ ọ.

A wà lórí ẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Mo fi èékánná tẹ táyà kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo fi ìka kàn án gbọ̀ngbọ̀n bí a ti ń ṣe é láyé ìgbà tí mo ń wa lọ́rì, mo wá mú onírinwó, èyí tí wọ́n la ọ̀nà omi sí lára fífẹ̀ fífẹ̀. Obìnrin náà ní mo yàn án re, ó ní àwọn tó ṣe é tiẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà pé yóò pẹ́, ó gbé fọ́ọ̀mù kan jáde. Fọ́ọ̀mù béèrè àdírẹ́sì í-meèlì. Mo kọ ọ́ kedere: tí ẹ bá dé ibi igi tó wó, ẹ yà sọ́wọ́ òsì, ẹ wá ilé oní-géètì aláwọ̀ ewé, kí ẹ béèrè awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní èyí tó wà nínú fóònù ni wọ́n ń bi mí. Mo ní kò sẹ́ni tó ń gbé inú fóònù nínú ẹbí wa. Ó wò mí, ó wo òkè, ó fi tirẹ̀ sí i. Wọ́n tún ní kí n fàmì sí i pé mo gba gbogbo ohun tí wọ́n kọ, mo ní mi ò kì í gba ohun tí mi ò kà. Wákàtí kan gbáko ni mo fi kà á. Ní ojú ìwé kẹta, wọ́n ní tí táyà bá já sí kòtò, kò kàn wọ́n. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibẹ̀ pé èmi ò fara mọ́ èyí o, mo sì buwọ́ lù ú.

Ọ̀dọ̀ Afẹ́fẹ́ la ti wọ táyà, fọ́kanáísà tó wà ní oríta, tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ torí pé afẹ́fẹ́ ló ń tà jẹun. Ó wọ̀ ọ́ tán, ó dára lójú, ìwọ náà yìn ín. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n Afẹ́fẹ́ sọ fún mi pé táyà ẹ̀yìn mọ́tò rẹ fẹ̀ ju ti iwájú lọ, pé wọn kì í gbé ti iwájú sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yẹn kó mi láyà sókè. Àwa onílọ́rì, ohun tá a fi ń mú táyà pẹ́ nìyẹn: a ó gbé iwájú sẹ́yìn, a ó gbé ẹ̀yìn síwájú, á máa gbó déédéé. Tí kò bá ṣeé gbé kiri, báwo ló ṣe fẹ́ pẹ́? Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀, ni ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lọ́kàn, pé táyà tí kò bá rin ọ̀nà, ọ̀nà ò ní í jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Fúráìdé tó o lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ, tó o fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sórí tábìlì, mo wọ inú mọ́tò yẹn bí ẹni ń wọ kòtò, mo wà á lọ bá Afẹ́fẹ́. Mo ní kó yọ táyà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó dá ògbólógbòó tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà sẹ́sẹ̀ mọ́tò. Mo ní kí ọmọ mi fi ìyẹn wọ̀lú, kó lò ó tán pátápátá ná, èmi á bá a tọ́jú tuntun sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí oòrùn ò ti ní pa á. Afẹ́fẹ́ wò mí títí, ó ní òun ti gbọ́. Mo ní kó fi àpò di tuntun náà kí eku má jẹ ẹ́, mo sanwó, mo rìn lọ sílé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé mọ́tò dé pẹ̀lú àpò mẹ́rin tó lókùn lára. Bẹ́ẹ̀dì wa ò ga tó, a fi búlọ́ọ̀kù tì í lẹ́sẹ̀ sókè, àpótí ni mo fi ń gun orí rẹ̀ báyìí. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Èmi ń rò pé ọgbọ́n mi ló yà á lẹ́nu.

Láàárọ̀ Sátidé tó o ń lọ, mi ò wo ẹsẹ̀ mọ́tò. Ìbàdí ń dùn mí, mọ́tò yẹn sì sún mọ́lẹ̀ débi pé àfi kéèyàn dọ̀bálẹ̀ kó tó rí táyà rẹ̀, bàbá kì í sì í dọ̀bálẹ̀ fún mọ́tò ọmọ rẹ̀. Mo juwọ́ sí ọ, o lọ. Kò ju wákàtí mẹ́ta lọ tí òjò fi dé. Kì í ṣe òjò wẹ́wẹ́ o, òjò tí kì í jẹ́ kéèyàn rí géètì ilé ara rẹ̀ ni.

Ọmọ mi, o ò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí lọ́rì mi yọ̀ kúrò lójú títì, tí mo fi oṣù mẹ́ta sùn sí ọsibítù, tó ò ń bi ìyá rẹ lójoojúmọ́ pé ṣé bàbá rẹ ń bọ̀. Gbogbo ẹni tó bi mí ni mo sọ fún pé òjò ló fà á. Láti ìgbà yẹn, òjò ni mò ń dá lẹ́bi. Irọ́ ni. Táyà tó ti dán ni mo fi rìn lọ́jọ́ náà, tuntun wà nílé, mo ní kí n lo èyí tó gbó yẹn tán ná. Ojú fèrèsé ni mo wà lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí mo rántí rẹ̀.

Mo pè ọ́ lórí fóònù, mo gbọ́ ohùn rẹ, o ní o ò sí nítòsí, kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ní báwo lo ò ṣe sí nítòsí tó o ń dá mi lóhùn? Mo ní kó o dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà kíá, o ò fèsì. Mo tún pè, ọ̀rọ̀ kan náà lo tún sọ, bí ẹni tí ojú ò pọ́n rárá, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ pé ò ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá rẹ ló wá sọ pé ohùn yẹn, láti ọdún tó kọjá lo ti sọ ọ́ sínú fóònù. Háà!

Ó wá gbé fóònù tirẹ̀, ó fi àwòrán ọ̀nà hàn mí, ó ní àmì róbótó búlúù yẹn ni ìwọ. Mo rí ọ, ò ń lọ wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ bí èèrà. Lójijì lo dúró. Mo ní kó o rìn, o ò rìn. Mo pariwo sí ọ, o ò mira. Mo fi ìka tì ọ́ síwájú díẹ̀, mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ ni o, àfi bí gbogbo ọ̀nà ṣe yí, mo wò ó, àárín òkun ni mo ti bá ọ. Igbe tí mo ké, aládùúgbò méjì ló sáré wọlé. Ìyá rẹ gba fóònù, ó fi ìka kan yọ ọ́ kúrò nínú omi, ṣùgbọ́n níbi tó o dúró sí náà lo ṣì wà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ, ti táyà abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ti lọ́rì ọjọ́sí. Mo ní mo ti fọwọ́ ara mi pa ọmọ mi.

Kò pariwo. Ó fà mí lọ́wọ́ wọ yàrá, ó ní kí n fa àpò kan jáde. Mo tú okùn rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Ó dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Mo tú èkejì, ó dán. Mo tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ògbólógbòó ni gbogbo wọn! Àṣé ó rí mi nígbà tí mo mú kọ́kọ́rọ́, ó tẹ̀ lé mi, bí mo ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ Afẹ́fẹ́ ló ń dé ibẹ̀. Ó ní kí Afẹ́fẹ́ di ògbólógbòó sínú àpò fún mi, pé tó bá yọ ẹyọ táyà tuntun kan lẹ́sẹ̀ mọ́tò ọmọ òun, kó yáa lọ wá oríta mìíràn. Mo bi í pé ṣé ó ti mọ̀ nípa ti lọ́rì ni. Ó ní báwo lòun ò ṣe ní mọ̀? Ó ní táyà tuntun tí mo fi pamọ́ nígbà náà, òun lòun tà tí òun fi san owó ọsibítù mi. Ó wá ní wọ́n ń ta táyà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọmọ.

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín, ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé lọ́rì kúrò láyà rẹ̀. Orí ìyẹn la wà tó o fi pè, tó o ní òjò ló dá ọ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní ilé epo kan, pé o ti délé báyìí. O sọ fún ìyá rẹ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró gìdì níwájú rẹ nínú òjò yẹn, o tẹ bíréèkì, mọ́tò rẹ dúró jẹ́ẹ́ lójú kan, o sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ. Ṣé o wá rí ohun tó jẹ́ kí n sọ "ẹ̀n"? Èmi ni mo yan táyà náà lóòótọ́, mi ò ní gbé ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ló jẹ́ kó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò rẹ. Pè é, kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó o ṣe fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kí o sì dárí jì mí.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ìgò ojú, kí ẹnikẹ́ni má tún di nǹkan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tí mi ò ní mọ̀. Má fi sínú àkáǹtì tèmi, fi sí ti ìyá rẹ, torí wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ nọ́ńbà káàdì mi, mo sì fi pamọ́ débi pé èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n mọ́. Tó bá ṣẹ́kù, ìyá rẹ fẹ́ gba owó ìdáná rẹ̀ padà, torí Afẹ́fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi pé òun á yọ táyà, ó tún gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ pé òun ò ní yọ ọ́. Mi ò tíì rí irú iṣẹ́ yẹn rí.

Ọmọ mi, wa mọ́tò rẹ. Má bá mi ṣọ́ táyà yẹn lò, jẹ́ kí ọ̀nà jẹ ẹ́. Ọ̀nà ò ní jẹ ìwọ. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ń lọ kò ní yọ̀, ẹni tó dúró gìdì níwájú rẹ kò ní dá ọ dúró sí ibi, ilẹ̀ á máa di ọ́ mú. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí tó gùn tó láti ra táyà tuntun lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.