Ọjọ́ Tí Mo Gbé Délé Lọ Sójú Omi

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tó máa ń pè mí ní ìyá òun,

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹnikẹ́ni tó bá yín sọ ọ́ níbi tí ẹ wà. Mo gbé Délé lọ sójú omi.

Ẹ ó rí i pé mi ò pè é ní Bọ̀dá Délé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí ọ̀rẹ́ yín yìí ní pálọ̀ wa, tí mo ń gbé omi tútù fún un, tí mo ń sọ pé ẹ káàbọ̀ sà. Mi ò lè ṣe é mọ́. Bí mo bá fẹ́ pè é ní “wọ́n” báyìí, ahọ́n mi á kọ̀.

Màmá wà dáadáa. A ṣì wà nínú ilé yẹn ní Canarsie. Òtútù ọdún yìí ò ṣeé fẹnu sọ, afẹ́fẹ́ tó ń ti orí omi wá máa ń gé ènìyàn létí láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbérò. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga yín ní kíṣìn. Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀. Mo ṣì ń rí yín níbẹ̀ tí ẹ gbé fóònù ti ìgò ṣúgà, tí ẹ ń wo àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja sámọ́nì nígbà òtútù ní etí òkun kejì Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, níbi tí òkè oníyìnyín ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá omi. Bí ẹja bá fò, ẹ̀yin náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lórí àga. Ẹ mọ̀ pé sámọ́nì ò sí nínú omi tiwa, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dá yín dúró. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti sá fún òtútù, tí wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ omi wọn gòkè, tí wọ́n ti fi tapólì bò ó, ìgbà yẹn ni ẹ̀yin máa ń gbé tiyín jáde, ẹ̀yin àti Délé, ẹ ó lọ fi akàn dẹ ẹja dúdú tó ń gbé láàárín àpáta. Ẹja eléyín ni ẹ ń pè é, torí eyín rẹ̀ jọ ti ènìyàn. Màmá kì í fẹ́ gé orí rẹ̀, ó ní ṣe ló ń wo òun bí àna.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń lọ. Ìlàjẹ ni yín, orí omi ni wọ́n bí yín sí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti máa wẹ àwọn arúgbó olóhùn líle láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, tó ń gbé wọn lọ tó ń gbé wọn bọ̀, ó yẹ kó ní ibì kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pe orúkọ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ gbẹ̀yìn, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀wù omi aláwọ̀ ọsàn tí mo rà fún yín, èyí tó nípọn bíi tìmùtìmù, tó ń mú ara móoru, tí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Síìpù rẹ̀ le. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ de táì fún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi àbẹ́là pa síìpù náà lára, mo gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀, mo sì fà á títí dé ọrùn yín. Ẹ ní, “Ìyá mi, o ti wé mi bíi mọ́ínmọ́ín.” Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ gbẹ̀yìn láyé nìyẹn.

Ọ̀sán ni wọ́n pè mí láti ọsibítù. Àwọn tó ń gba èèyàn là lójú omi ti fa Délé jáde, wọ́n ṣì ń wá yín. Nígbà tí mo wọlé, nọ́ọ̀sì kan ń bá síìpù jà lára rẹ̀, kò ṣí. Mo wò ó, ẹ̀wù yín ni. Wọ́n fa síìpù rẹ̀ títí dé ọrùn, ó gún régé. Èmi ni mo ní kí nọ́ọ̀sì sún, mo gbé etí síìpù sókè, mo fà á wálẹ̀. Ọwọ́ tó wọ̀ ọ́ fún yín láàárọ̀ ló bọ́ ọ lára ẹlòmíràn lọ́sàn-án. Mo bi Délé pé, “Bàbá mi ńkọ́?” Ó di ojú.

Wọ́n rí yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Súwẹ́tà tí Màmá hun fún yín ló wà lọ́rùn yín.

Erùpẹ̀ orí sàréè yín ò tíì gbẹ tí Délé fi bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó gbé ẹ̀wù náà sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n bọ́ ọ fúnra wọn. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá ti sọ pé báyìí ni, báyìí ni. Nígbà tí ọkọ̀ dojú dé, ẹ̀wù yìí ló léfòó wá bá mi, mo rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ bá mi yin Olúwa.” Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Màmá jókòó tì mí nínú aṣọ dúdú, òun náà ṣe halelúyà, ó ṣe é jẹ́jẹ́. Bàbá, halelúyà tí Màmá ṣe yẹn ni mi ò lè gbé mì.

Ẹni tó rọ̀ mọ́ ẹ̀wù nínú ìgbì ò lè wọ̀ ọ́, kó sì fa síìpù tó le bẹ́ẹ̀ dé ọrùn. Mo sọ fún Màmá. Ó ní, “Fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run.” Mo sọ fún pásítọ̀, ó ní ọ̀fọ̀ máa ń mú kí ojú ríran òdì. Mo lọ bá Délé fúnra rẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ní, “Ó yé mi, ọmọ mi, ó dùn ẹ́ ni.” Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ yín di àpẹẹrẹ. Bí ọmọ kan bá kọ̀ láti wọ kóòtù, ìyá rẹ̀ á ní, “Ṣé o fẹ́ ṣe bíi Bàbá tó bómi lọ ni?” Délé ní tirẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin sọ ọ́ ní Kápúténì.

Wọ́n ti fa ọkọ̀ yín padà sí èbúté. Màmá fẹ́ kí a ta á. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi fi í sílẹ̀ fún mi. Mo gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ẹni tó tún un ṣe, nígbà tí ooru sì dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde bí ẹ ṣe kọ́ mi nígbà tí mo wà nílé ìwé. Mo tún mọ ibi tí omi ò jìn, mo mọ bó ṣe ń sáré lábẹ́ afárá nígbà tó bá ń fà sẹ́yìn. Màmá rò pé ọ̀nà tí mo fi ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn. Bí mo bá ti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, orúkọ Délé ni mo máa ń pè sábẹ́ eyín.

Nígbà tí òtútù padà dé, mo fi fóònù pè é. Mo fi ohùn ọmọ dáadáa bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó wá fi ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti máa ń pẹja hàn mí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàdúrà fún mi lórí fóònù. Mo yan ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Mi ò fẹ́ kó kú, Bàbá. Òkú ò lè jẹ́rìí.

Ó dé sí èbúté nínú ẹ̀wù yín. Mo wò ó, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, “Mo wọ̀ ọ́ kí bàbá ẹ lè wà pẹ̀lú wa.” Mo ní ẹ ṣé sà. “Sà” tí mo máa sọ fún un kẹ́yìn láyé mi nìyẹn.

A gba abẹ́ afárá jáde sí gbangba òkun. Àwọn ilé Rockaway létí òkun kéré lẹ́yìn wa. Omi rí bí eérú, kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí. Ó ń tọ́ mi sọ́nà, ó ń sọ ìtàn ẹja tí ẹ̀yin pa bíi pé òun ló pa á. Nígbà tí a dé orí àpáta inú omi, mo ju ìdákọ̀ró sómi, mo pa ẹ́ńjìnnì, a gé akàn, a sọ ìwọ̀ wa kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀pá rẹ̀ fi tẹ̀. Ó fa ẹja dúdú kan jáde, ó tóbi, eyín rẹ̀ funfun. Ó gbé e sókè níwájú mi, ó ní, “Kápúténì ṣì ni mí.”

Mo ní, “Síìpù yẹn dé ọrùn ẹ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ṣí i. Ta ló fà á?”

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbẹ. “Èmi lo ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?”

“Ìwọ ni. Ta ló fà á?”

Ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí mo so mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó tún wo omi. Ó ní kí n jẹ́ ká máa lọ sílé. Mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ìgbì ń gbé wa sókè sódò. Ẹja tó mú ń ta pútúpútú nísàlẹ̀ ọkọ̀, a sì jókòó báyẹn títí ẹja náà ò fi ta mọ́.

Délé wá sọ̀rọ̀. Ó ní jákẹ́ẹ̀tì lásán ni òun wọ̀ wá lọ́jọ́ náà, pé òtútù mú òun débi pé òun ò lè di ọ̀pá mú. Ó ní ẹ̀yin bọ́ ẹ̀wù yín, ẹ wọ̀ ọ́ fún òun, ẹ sì fa síìpù rẹ̀ fúnra yín, ẹ ní tí ara òun bá ti móoru díẹ̀, ẹ ó jọ máa lọ sílé. Ó wo ẹja tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó parí rẹ̀.

“Ara mi móoru,” ó ní. “Ẹja sì ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n ní ó tó, ká máa lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká mú ọ̀kan sí i. Wọ́n gbà. Ibẹ̀ ni ìgbì ti dé.”

“Kí ló dé tí o fi parọ́ mọ́ wọn?”

“Ojú ló tì mí.”

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Eléyìí kó ẹrù, ó tún padà wá ba onílé lórúkọ jẹ́.

Mo ní, “Bọ́ ọ.” Ó rò pé eré ni. Mo ju jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó sí i kó má bàa rì, mo sì tún un sọ. Ìka rẹ̀ ò lè ṣí síìpù náà, mo bá na ọwọ́ mi, mo ṣí i. Ó bọ́ ọ, ó jókòó nínú ṣẹ́ẹ̀tì. Mo fa ìdákọ̀ró, mo ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, mo sì rọra ń wa ọkọ̀ náà bọ̀. Mo lè yára. Mi ò yára. Búláńkẹ́ẹ̀tì wà nínú báàgì láàárín ẹsẹ̀ mi, tíì gbígbóná wà nínú fláàsì. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ètè rẹ̀ ń dú, ó ń wo báàgì náà. Mo da tíì sínú ife fún ara mi, mo mu ún níṣojú rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn.

Nígbà tí a dé èbúté ni mo tó ju búláńkẹ́ẹ̀tì fún un. Mo ní, “Ibi tí o ti parọ́, ibẹ̀ ni wàá ti sọ òtítọ́.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí jáde. Délé tẹjú mọ́ ilẹ̀. Mo dìde, mo gbé ẹ̀wù náà lé apá, mo lọ dúró sáàárín ìjọ, mo sì ń wo Délé. Ìgbà tí ojú gbogbo èèyàn kúrò lára mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí. Ó jáde. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ẹja kan sí i yẹn. Kò sẹ́ni tó ṣe halelúyà. Ìyá tó máa ń fi yín dẹ́rù ba ọmọ rẹ̀ fi gèlè bo ojú.

Pásítọ̀ ní kí n wá dì mọ́ ọn níwájú pẹpẹ kí Ọlọ́run lè wo ọgbẹ́ náà sàn. Màmá ló dìde. Màmá tó hun súwẹ́tà yẹn ló lọ dì mọ́ Délé, tó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn nígbà tí ọkùnrin náà ń sunkún. Èmi jáde sínú òtútù.

Wọn ò pè é ní Kápúténì mọ́. Kì í wá sípàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin mọ́, ìyàwó rẹ̀ ò sì kí mi. Mo rò pé nígbà tí mo bá débí, ara máa tù mí. Dípò ìyẹn, ẹ̀yin ni mo ń bá jà lọ́kàn. Kí ló dé tí ẹ gbà? Ẹ ti sọ pé ó tó. Òtútù ti mú yín, ẹ rí ojú ọ̀run, ẹ mọ omi ju òun lọ. Ẹnì kan bẹ̀ yín lórí ẹja kan ṣoṣo, ẹ ò lè sọ pé rárá? Ṣé ẹ rántí pé a ní kí ẹ tètè dé?

Màmá ń yọ mí lẹ́nu lálaalẹ́ pé kí n dárí ji Délé, pé ohun tí ẹ̀yin ìbá fẹ́ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn lẹ fẹ́ lóòótọ́, ẹ wá sọ ọ́ fún mi fúnra yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀.